Bí a ṣe ń kọ àròkọ ìdánwò lórí ohun tó pa àwọn sosialísìtì pọ̀ àti ohun tó yà wọ́n

Ọmọbìnrin kan tí mo ń kọ́ lẹ́ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ nílé mi, lẹ́bàá ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ níbí, mú bébà ìdánwò rẹ̀ tọ̀ mí wá lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ ti wú. Máàkì 7 nínú 20 ló gbà. Ìbéèrè tí wọ́n bi wọ́n nìyí: "Ǹjẹ́ ohun tó pa àwọn sosialísìtì pọ̀ ju ohun tó yà wọ́n lọ?" Sosialísìtì ni ẹni tó ní kò yẹ kí olówó máa jẹ lórí òógùn òṣìṣẹ́. Mo ka ojú-ewé mẹ́rin tó kọ láti òkè délẹ̀. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Ojú-ewé kan lórí Marx, onírònú ará Jámánì, òmíràn lórí Lénine, aṣáájú ìyípadà Rọ́ṣíà, òmíràn lórí Rosa Luxemburg, obìnrin tó jà nínú ẹgbẹ́ sosialísìtì Jámánì, èyí tó kẹ́yìn lórí Nyerere, ààrẹ Tanzania nígbà kan. Gbogbo ọdún tó kọ ló tọ̀nà. Nísàlẹ̀ pátápátá, olùkọ́ tó máàkì rẹ̀ fi bíìrò pupa kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta: "Ìbéèrè náà ńkọ́?"

Ó dùn mí, torí ọmọ yìí kàwé. Mo mọ iye alẹ́ tó fi jókòó ti káyé rẹ̀. Kì í ṣe àìmọ̀ ló ṣe é. Kò sí ẹni tó jókòó tì í kó fi hàn án bí a ṣe ń dáhùn ìbéèrè tó ń béèrè ìwọ̀n. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí, fún un àti fún ẹnikẹ́ni tó ń múra bákì, tó wà ní yunifásítì Abomey-Calavi, tàbí tó ti sọdá bodè lọ kàwé ní Nàìjíríà, tí irú ìbéèrè yìí lè ká mọ́ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ka ìbéèrè náà tán kó o tó fọwọ́ kan bíìrò

Mú pẹ́ńsù, kó o fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń pàṣẹ. Nínú ìbéèrè òkè yìí, "ju … lọ" ni. Kì í ṣe "sosialísìtì". Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni. Obìnrin tó ń ta gàrí ní Ouando kì í dúró máa sọ fún oníbàárà pé gàrí òun pọ̀. Á bù ú sínú tóńgólò lójú rẹ̀, kó rí bó ṣe kún. Ohun tí ẹni tó máa máàkì rẹ ń retí náà nìyẹn: kó o wọn ìrẹ́pọ̀ wọn, kó o wọn ìyapa wọn, kó o sì sọ èyí tó pọ̀ jù àti ohun tó mú kó pọ̀.

Bí ìbéèrè bá sọ pé "Ṣàlàyé", kò béèrè ìdájọ́ tó bẹ́ẹ̀. Bó bá sọ pé "Dé ìwọ̀n wo", ìdájọ́ gan-an ló ń wá. Bó bá gbé gbólóhùn kan síwájú rẹ, irú bíi "Orí ọ̀nà nìkan ni ìjà àwọn sosialísìtì dá lé", ńṣe ló ń fẹ́ mọ̀ bóyá wàá gbà á bẹ́ẹ̀, wàá gbà á dé ibì kan, tàbí wàá takò ó.

Lẹ́yìn náà, béèrè lọ́wọ́ ara rẹ: ta ni wọ́n ń pè ní sosialísìtì? Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń sáré kọjá ibí yìí, bẹ́ẹ̀ ibí yìí ni ìdáhùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ Marx, Engels tó bá a kọ̀wé, àti Luxemburg nìkan lo kà mọ́ wọn, ìrẹ́pọ̀ á pọ̀. Bó o bá fi Bakounine kún un, ẹni tí kò fẹ́ ìjọba kankan rárá, tó o fi Beatrice Webb kún un, ẹni tó gbà pé ìjọba ló máa tún ayé ṣe, tó o wá fi Nyerere ti Tanzania àti Awólọ́wọ̀ kún un, ẹni tí ẹgbẹ́ Action Group rẹ̀ polongo sosialísìmù oníbò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ìyapa á gbòòrò. Bí o ṣe fẹ ilé tó ni àlejò ṣe máa pọ̀ tó. Nítorí náà, sọ ọ́ nínú ìfáàrà rẹ pé àwọn báyìí báyìí lo ní lọ́kàn. Gbólóhùn kan tó fún un.

Sọ ìdáhùn rẹ lẹ́nu ní Yorùbá kó o tó kọ ọ́ ní Faransé

Faransé la fi ń ṣe ìdánwò lọ́dọ̀ wa, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ti rí láti ọdún yìí wá ni pé ọmọ tí kò bá lè sọ ohun tó fẹ́ kọ lédè ilé rẹ̀, Faransé tó há sórí ló máa tú sórí bébà. Mo ní kí ọmọbìnrin yẹn lọ sílé, kó ṣàlàyé ìbéèrè náà fún ìyá ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà yìí ń dín àkàrà láràárọ̀, kò ka ìwé rí. Ọmọ náà sọ fún un pé àwọn èèyàn kan wà tí wọ́n ní kò yẹ kí olówó máa jẹ lórí òógùn òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń bá ara wọn jà. Ìyá àgbà gbé ọwọ́ kúrò lórí epo, ó ní: "Ṣé ibi tí wọ́n ń lọ ni wọn ò jọ fẹ́ ni, àbí ọ̀nà tí wọ́n máa gbà débẹ̀?"

Nígbà tí ọmọ náà sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kejì, mo ní kó kọ ọ́ sí ojú-ewé àkọ́kọ́ káyé rẹ̀. Ìbéèrè yẹn ni kọ́kọ́rọ́ àròkọ yìí. Gbogbo ìjà tó o bá fẹ́ mẹ́nu bà, gbé e síwájú ìbéèrè ìyá àgbà: ibi ni, àbí ọ̀nà?

Ohun tó pa wọ́n pọ̀: má sáré kọjá rẹ̀

Àwọn ọmọ fẹ́ràn ìjà, torí náà wọ́n máa ń kọ ìpínrọ̀ kúkurú kan péré lórí ìrẹ́pọ̀, wọ́n á sì sáré lọ sọ́dọ̀ Staline àti Trotski, àwọn méjì tó jà lẹ́yìn ikú Lénine. Àṣìṣe ni. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ jinlẹ̀, ó sì ní apá tó ṣe é tọ́ka sí.

Gbogbo wọn gbà pé ìṣẹ́ kì í ṣe àyànmọ́, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ ló ń fà á. Bí a ṣe pín ohun-ìní àti iṣẹ́ láwùjọ ló ń fà á. Gbogbo wọn gbà pé èèyàn kì í dá wà, pé ìwà rẹ̀ ń tẹ̀lé ibi tí wọ́n ti tọ́ ọ àti bí wọ́n ṣe ń lò ó, nítorí náà bí a bá tún àwùjọ ṣe, èèyàn náà á tún ṣe. Gbogbo wọn gbà pé kò tó kí òfin sọ pé a dọ́gba, bí ọmọ ẹnìkan bá ń sùn pẹ̀lú ebi. Wọ́n sì gbà pé ìfọwọ́sowọ́pọ̀ dára ju kí oníkálùkù máa fi ìgbọ̀nwọ́ ti ẹnìkejì lọ.

Fún àpẹẹrẹ ìfọwọ́sowọ́pọ̀, ó ṣe é ṣe kó o rántí àáró. Ní ìhà Kétu, àwọn àgbẹ̀ máa ń para pọ̀ ro oko ẹnìkan lónìí, ti ẹlòmíràn lọ́la, títí á fi kárí. Àpẹẹrẹ dáadáa ni, torí ó fi hàn pé èrò náà kò ṣàjèjì sí wa. Ṣùgbọ́n fara balẹ̀ níbí. Bó o bá kọ ọ́ pé "àwọn baba ńlá wa ti jẹ́ sosialísìtì tẹ́lẹ̀", o ti bọ́ sínú ìjà kan láìmọ̀. Nyerere kọ ọ́ ní 1962 pé gbòǹgbò sosialísìmù Áfíríkà wà nínú ẹbí, ohun tó pè ní ujamaa, ó sì gbé ètò orílẹ̀-èdè rẹ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ nínú Ìkéde Arusha ti 1967. Lọ́dún 1967 yẹn kan náà ni Nkrumah, ààrẹ Ghana tẹ́lẹ̀, sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀: Áfíríkà àtijọ́ náà ní ọ̀gá àti ẹrú, ó ní ẹni òkè àti ẹni ìsàlẹ̀. Àwa tí a ń gbé Àjàṣẹ́, ìlú tí wọ́n ti kó ẹrú gba òkun kọjá, kò yẹ kí a nílò ẹni tó máa sọ ìyẹn fún wa. Lo àáró, ṣùgbọ́n lò ó láti fi ṣí ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Olùmáàkì á rí i pé o ronú.

Ìjà wọn, àti bí a ṣe ń fi ìbéèrè ìyá àgbà wọ̀n ọ́n

Ibí yìí ni máàkì pọ̀ sí, torí náà èmi náà á pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Kọ́kọ́ mú Marx àti Bakounine. Inú Ẹgbẹ́ Àgbáyé Àwọn Òṣìṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1864 ni àwọn méjèèjì wà. Ní 1872, níbi ìpàdé La Haye, wọ́n lé Bakounine jáde. Ìjà náà le. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń jà lé lórí? Àwọn méjèèjì fẹ́ àwùjọ tí kò ní ọ̀gá, tí kò ní ìjọba tó ń fi kóńdó darí ọmọ aráyé. Marx ní àwọn òṣìṣẹ́ á kọ́kọ́ gba ìjọba, wọ́n á lò ó, kó tó máa kásẹ̀ nílẹ̀. Bakounine ní ẹni tó bá gba ìjọba kò ní í fi sílẹ̀, á di ọ̀gá tuntun. Ọ̀nà ni wọ́n ń jà lé lórí. Ibi kan náà ni wọ́n ń lọ.

Wá mú Bernstein àti Luxemburg, inú ẹgbẹ́ kan náà ní Jámánì. Ní 1899, Bernstein tẹ ìwé kan jáde, ó ní kapitalísìmù, ètò tí ilé-iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ àwọn olówó, kò wó bí Marx ṣe rò pé á wó. Òṣìṣẹ́ ti ń dìbò, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti ń gba ẹ̀tọ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ká máa bá àtúnṣe lọ. Ó sọ ọ́ kedere pé ìrìn náà ló jẹ òun lógún, kì í ṣe ibi tí wọ́n ní a máa parí ìrìn sí. Luxemburg dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó bá yan àtúnṣe dípò kí òṣìṣẹ́ gba agbára kò yan ọ̀nà jẹ́jẹ́ tó lọ sí ibi kan náà. Ibòmíràn ló yàn.

Ṣé o rí i? Obìnrin yẹn dáhùn ìbéèrè ìyá àgbà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé kí ìyá àgbà tó bi í. Bó o bá lè gbé ibí yìí kalẹ̀ dáadáa nínú àròkọ rẹ, o ti kúrò láàárín àwọn tó ń ka orúkọ sílẹ̀. Èrò tèmi ni pé ìjà Marx àti Bakounine pariwo ju ti Bernstein àti Luxemburg lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn yìí jìn jù ú lọ, torí ibi tí à ń lọ gan-an ló bà. Ìwọ lè má gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni kó o ní ìdí.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà náà tààrà. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1914, àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ sosialísìtì Jámánì dìbò fún owó ogun, àwọn tó ti ń sọ pé òṣìṣẹ́ ilẹ̀ kan kò gbọdọ̀ yìnbọn fún òṣìṣẹ́ ilẹ̀ mìíràn. Ní 1917, Lénine àti ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn Bọ́lṣéfíìkì, gba ìjọba ní Rọ́ṣíà. Luxemburg yìn wọ́n, síbẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n ní 1918 ó kọ ọ́ pé òmìnira tó wà fún àwọn tó ń ti ìjọba lẹ́yìn nìkan kì í ṣe òmìnira. Wọ́n pa á ní Berlin ní oṣù kìíní ọdún 1919. Ní oṣù kejìlá ọdún 1920, ní ìlú Tours, ẹgbẹ́ sosialísìtì Faransé là sí méjì: àwọn tó tẹ̀lé Mọ́sìkò di ẹgbẹ́ kómúnísìtì, àwọn yòókù dúró sí "ilé àtijọ́".

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba àkókò púpọ̀: ẹgbẹ́ sosialísìtì tí wọ́n ń pè ní Fabian láti 1884, tí Beatrice Webb àti ọkọ rẹ̀ Sidney jẹ́ òpó láàárín wọn, gbà pé díẹ̀díẹ̀ lòpin, ẹgbẹ́ Lábọ̀ kọ àjùmọ̀ní ilé-iṣẹ́ sínú òfin rẹ̀ ní 1918, ó sì yọ ọ́ ní 1995. Fi Crosland, òǹkọ̀wé ọmọ ẹgbẹ́ Lábọ̀, sí àárín ọdún méjèèjì. Mo máa lò ó nísàlẹ̀.

Má gbàgbé ilé tìrẹ

Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ọmọ Benin á kọ ojú-ewé mẹ́rin lórí sosialísìmù, á dé Cuba, á dé Ṣáínà, kò ní í mẹ́nu ba orílẹ̀-èdè tí wọ́n bí i sí. Bẹ́ẹ̀ a gbé inú rẹ̀. Kérékou gba ìjọba ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1972. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1974, ní Abomey, ó kéde pé ọ̀nà Marx àti Lénine ni Dahomey máa tọ̀. Ọdún kan gééré lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ ilẹ̀ wa di Orílẹ̀-èdè Olómìnira Ará Ìlú Benin, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan ṣoṣo sílẹ̀, PRPB. Bi àwọn òbí rẹ léèrè nípa "Ehuzu", orúkọ ìwé ìròyìn ìjọba ìgbà yẹn. Wọ́n á ní ohun tí wọ́n máa sọ fún ẹ. Ní oṣù kejìlá ọdún 1989 ni wọ́n pa ẹ̀kọ́ náà tì, Àpérò Orílẹ̀-èdè sì tẹ̀lé e ní oṣù kejì ọdún 1990.

Èyí tó wúlò fún àròkọ rẹ jù lọ nìyí: ní 1977, àwọn kan dá Ẹgbẹ́ Kómúnísìtì Dahomey sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, láti dojú kọ ìjọba tó ń pe ara rẹ̀ ní ti Marx àti Lénine. Ní ojú wọn, aṣọ sosialísìmù nìkan ni ìjọba náà dà bo ara rẹ̀. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn sẹ́wọ̀n. Àwọn méjèèjì ń ka ìwé kan náà, wọ́n ń búra pẹ̀lú orúkọ kan náà, ọ̀kan wà lórí àga, ìkejì wà lẹ́wọ̀n. Bó o bá ń wá ìyapa tí kò jìnnà sílé, òun nìyẹn. Gbé e síwájú ìbéèrè ìyá àgbà náà: ọ̀nà ni, ibi ni, àbí wọ́n ò gbà pé ẹnìkejì wọn ń rìn rárá?

Bí ìpínrọ̀ kan ṣe ń di ìpínrọ̀

Wo èyí tí èmi àti ọmọbìnrin yẹn jọ kọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo fi Yorùbá kọ ọ́ síbí:

"Ìyapa tó jìn jù láàárín wọn wà lórí ohun-ìní. Marx gbà pé níwọ̀n ìgbà tí ilé-iṣẹ́ bá ṣì wà lọ́wọ́ àwọn díẹ̀, kò sí ìdọ́gba tó lè dúró. Ní 1956, Crosland sọ pé ìdọ́gba lè wà bí owó orí, ilé-ìwé àti ìtọ́jú ìlera bá dára, kódà bí aládàáni bá ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́. Ìdọ́gba ni àwọn méjèèjì ń wí, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀kan pè ní gbòǹgbò ni ìkejì pè ní ẹ̀ka. Nítorí náà, níbi ohun-ìní, ìyapa wọn borí ìrẹ́pọ̀ wọn: ayé tí ọ̀kan fẹ́ kọ́ kì í ṣe ayé tí ìkejì ní lọ́kàn."

Gbólóhùn àkọ́kọ́ ti dájọ́: "tó jìn jù". Kò dúró dìgbà ìparí. Gbólóhùn kejì àti ìkẹta gbé ẹni méjì tó ń fèsì fún ara wọn, lórí ohun kan ṣoṣo. Ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣubú nìyí: wọ́n á ní Marx sọ̀rọ̀ ohun-ìní, Crosland sọ̀rọ̀ ilé-ìwé, àwọn méjèèjì ò sì pàdé. Ẹ̀kẹrin gbà pé ìrẹ́pọ̀ kan wà, kó o má dà bí ẹni tó fi ojú kan ṣoṣo wòran. Ìkẹyìn padà sí ìbéèrè, ó lo ọ̀rọ̀ ìbéèrè náà gan-an. Bí ìpínrọ̀ rẹ kò bá fọwọ́ kan ìbéèrè kó tó parí, olùmáàkì á béèrè ohun tó béèrè lọ́wọ́ ọmọ mi.

Ètò tó dára jù lójú mi ni kó o tò ó ní kókó: èèyàn, ohun-ìní, ìjọba, ọ̀nà. Lábẹ́ kókó kọ̀ọ̀kan, wọn ìrẹ́pọ̀ àti ìyapa pọ̀. Àwọn olùkọ́ kan fẹ́ ìdáhùn, àtakò, àtúnpapọ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa láti lìsé. Ìyẹn náà dára, bí apá kẹta kò bá ti jẹ́ àtúnsọ apá méjì àkọ́kọ́. Fi ibi-àbí-ọ̀nà sí apá kẹta. Ó ń bọ́ sí i gẹ́lẹ́.

Àkókò, àti àwọn ọ̀fìn díẹ̀

Bí wọ́n bá fún ẹ ní wákàtí mẹ́rin, fi odindi wákàtí kan sórí brouillon, bébà tí o kọ́kọ́ ń to èrò rẹ sí, kó o sì fi ìṣẹ́jú ogún ka iṣẹ́ rẹ nígbẹ̀yìn. Nínú brouillon, má kọ gbólóhùn gígùn: kọ ìdáhùn rẹ ní ìlà kan, kókó mẹ́rin, orúkọ méjì méjì lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Má fi ọ̀rọ̀ sí Marx lẹ́nu. Bí o kò bá rántí ohun tó sọ gan-an, sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ tìrẹ, yọ àmì àyọlò kúrò. Má ṣe ìwàásù fún tàbí lòdì sí sosialísìmù. Wọn ò bi ẹ́ bóyá o fẹ́ ẹ. Má sì fi odi Berlin tó wó ní 1989 parí gbogbo àríyànjiyàn, torí ó wó lórí irú ìjọba kan, kò dáhùn ìbéèrè tí ó wà láàárín Bernstein àti Luxemburg.

Ìfáàrà ni kó o tún kọ nígbẹ̀yìn. Gbólóhùn tí ọmọbìnrin yẹn fi bẹ̀rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ ni: "Láti ìgbà láéláé ni ọmọ aráyé ti ń wá ìdọ́gba." Kò sí ohun tó ń sọ. Nígbà tó tún un kọ, ó ní: "Láti Marx dé Nyerere, àwọn sosialísìtì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tó ń ṣe ayé, ṣùgbọ́n wọn ò fohùn ṣọ̀kan lórí ayé tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀, nítorí náà ìyapa wọn ju ọ̀rọ̀ ọ̀nà lọ." Mo fi bíìrò pupa tèmi fàlà sábẹ́ rẹ̀, mo sì dá bébà náà padà fún un.

Àwọn ìbéèrè mẹ́ta tí mo máa ń fún wọn ṣe nílé nìyí. Mú ọ̀kan, fi wákàtí kan ṣe brouillon rẹ̀ nìkan, má tíì kọ àròkọ:

Ǹjẹ́ àwọn sosialísìtì gbà pọ̀ lórí iṣẹ́ ìjọba?

"Ìjà àwọn sosialísìtì Áfíríkà yàtọ̀ sí ti Yúróòpù pátápátá." Kí lèrò rẹ?

Dé ìwọ̀n wo ni ìbéèrè àtúnṣe díẹ̀díẹ̀ tàbí rẹfolúsọ̀n (kí òṣìṣẹ́ gba agbára) fi jẹ́ ìbéèrè ọ̀nà lásán?